Etí, Ìka àti Awọ Ara Ẹni tó Ń Lúwẹ̀ẹ́ Nígbà Ọyẹ́

Kò sí òkun ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ kan omi òkun láti ìlú wa yóò wọkọ̀ lọ sí Èkó, omi tí yóò sì bá níbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kì í ṣe irú èyí tí mo kọ́ láti máa wọ̀ ní ìlú Brighton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní gbogbo àsìkò tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, nígbà tí òtútù omi òkun náà bá dé góńgó, kì í ju nǹkan bíi dígírì 8 Celsius lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́ tipẹ́. Láti ọdún 1860 ni ẹgbẹ́ àwọn alúwẹ̀ẹ́ ìlú náà ti wà, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì ń lọ. Nígbà tí mo padà wálé, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Bódìjà ni mo fi rọ́pò òkun, àárọ̀ kùtù ìgbà ọyẹ́ ni mo sì fẹ́ràn jù, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni omi Ìbàdàn máa ń tutù débi tí ara fi ń jí pépé.

Gbogbo àìlera tó bá ṣe mí láti ìgbà náà, òtútù ni àwọn ará ilé ń dá lẹ́bi fún un. Bí mo bá sín, òtútù ni. Bí etí bá ń dùn mí, òtútù ni. Bí ọwọ́ mi bá ṣì kú, òtútù kan náà ni. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tó bá ti rí ọmọdé tí òtútù àyà dá dùbúlẹ̀ kò ní fojú kékeré wo omi tútù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò àrùn ni ó ń fa àìsàn náà. Ṣùgbọ́n àwọn àìlera kéékèèké wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ohun tó fa ọ̀kan kọ́ ló fa èkejì, bí a bá sì kó gbogbo wọn sínú àpò kan, ìtọ́jú tí kò bá wọn mu ni a ó máa fún wọn.

Etí ọ̀tún ni ó yọ mí lẹ́nu nínú ọyẹ́ yìí. Ó kọ́kọ́ ń yún mi, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro, títí tí n kò fi lè fi orí lé ìrọ̀rí ní apá ibẹ̀ mọ́, tí ìrora sì ń gba párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé bí mo bá ń jẹ iṣu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Bọ́lá, yá àdí díẹ̀ sórí iná, ó bù ú sínú ṣíbí, ó mú ìyẹ́ adìyẹ dání, ó sì wọlé tọ̀ mí wá.

“Wálé, mo sọ fún ọ pé omi ìdájí yìí kò dára. Dùbúlẹ̀, kí n kán an sí ọ létí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo inú rẹ̀ ná. Bí awọ inú etí bá ti lu, ibi tí kò yẹ kí òróró dé ni yóò lọ.”

Ó gbé ṣíbí náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò rọra fa etí náà sókè, lẹ́yìn náà ó fi ìka tẹ ẹran kékeré tó wà níwájú ihò rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dìde lórí àga. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojú ọ̀nà etí yín ló wú, awọ inú lọ́hùn-ún kò ní nǹkan kan.” Ó ṣàlàyé pé omi tó dúró pẹ́ sínú ihò etí ló ń mú kí awọ ibẹ̀ rọ̀, tí kòkòrò àrùn á fi ráyè wọlé. Ìdọ̀tí etí tí a ń fi ìyẹ́, igi ìṣáná àti ìdérí báírò kó jáde lójoojúmọ́ gan-an ló yẹ kó máa dáàbò bo awọ náà, nítorí ó ní èròjà kíkan díẹ̀ nínú, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Bí a bá sì fi nǹkan họ ibẹ̀, a ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ooru tilẹ̀ ń ní àìsàn yìí ju àwọn tó ń wọ omi tútù lọ. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń kán sí etí ni ó fún mi, ó sì ní kí n jìnnà sí omi títí yóò fi san pátápátá.

Etí òsì mi ni òtútù ṣe ní tirẹ̀ ní tòótọ́. Bí omi òkun tútù àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ń kọlu ihò etí fún ọ̀pọ̀ ọdún, egungun ibẹ̀ a máa nípọn sí i díẹ̀díẹ̀, ihò náà á sì máa fún. Dókítà rí kókó kékeré kan níbẹ̀. Kò dùn mí, kò sì dí mi létí, ṣùgbọ́n omi tó bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tètè jáde, nítorí náà mo ti ra oníróbà tí wọ́n fi ń dí etí. Bí mo bá jáde nínú omi, mo máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, máa rọra fa etí kí omi lè ṣàn jáde, máa wá fi aṣọ ìnura nu ìta nìkan.

Ti ìka ọwọ́ tún yàtọ̀. Láti Brighton ni ó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé n ó fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń fẹ́ lu ara tútù tó láti jí i. Ìka méjì ní ọwọ́ òsì mi á funfun bí ẹfun, wọn á di àwọ̀ aró, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá sì padà, wọn á pọ́n, wọn á máa ta mí ṣúṣú. Láàárín àkókò yẹn n kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Mo máa ń dì í mú, ìka kò ní mọ̀ pé òun di nǹkan mú. Oníṣègùn ará Faransé kan, Maurice Raynaud, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1862: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ìka ló ń fún ju bó ti yẹ lọ bí òtútù bá kàn wọ́n. Abíyá ni mo máa ń ki ọwọ́ bọ̀. N kì í fi omi gbígbóná sí i, nítorí ìka tó ti kú kò lè mọ̀ bí omi bá ń bó òun. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ń dá egbò lórí, kí ó lọ rí dókítà.

Ní ti awọ ara, oògùn ibẹ̀ wà lọ́jà Bódìjà: òrí tí a fi pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán. Ojú pípọ́n ni mo fẹ́ bẹ àwọn ará adágún lé lórí. Òórùn kílórínì tó máa ń ta sí wa nímú kì í ṣe àmì pé omi mọ́. Ìgbà tí kílórínì bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ ni òórùn náà ń le, òun náà ló sì ń ta ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tọ̀ síta.

Bí ọ̀fìnkìn bá mọ sí imú, mo máa ń lọ. Bí ó bá ti di ikọ́ àyà tàbí ara gbígbóná, mo máa ń jókòó sílé.

Àwọn kan ti ń sọ pé àwọn fẹ́ bá mi lọ nígbà tí etí yìí bá san. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà. Omi Ìbàdàn kò tutù tó ti Brighton, níbi tí èémí ti máa ń já mọ́ni lẹ́nu ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí ara sì tún ń tutù sí i lẹ́yìn tí a bá ti jáde, síbẹ̀ ìdájí ọyẹ́ kì í ṣe eré fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá nìkan wọ omi. Bí etí bá ti san, n ó máa wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó yọ.