Kí Ẹ Tó Fi Sírọ́ọ̀mù Lé Sírọ́ọ̀mù

Àwọn obìnrin tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, kì í béèrè bóyá kí àwọn lo sírọ́ọ̀mù ojú, ìyẹn omi ìpara inú igo kékeré tó ní èròjà tó ń tún awọ ṣe. Wọ́n ti ń lò ó. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni èwo ló yẹ kó ṣáájú, èwo ló yẹ kó tẹ̀ lé e, àti ìṣẹ́jú mélòó ni kí wọ́n fi dúró láàárín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ohun ìpara ojú, èmi fúnra mi sì ti ń bá irorẹ́ àti àpá rẹ̀ yí láti sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí náà mo máa ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé: igo mélòó ló wà nílé?

Ẹ̀gbọ́n kan wá lọ́jọ́ kan, wọ́n tú báàgì wọn sórí káńtà. Fítámì C wà níbẹ̀, retinol (irú fítámì A kan) wà níbẹ̀, glycolic acid, salicylic acid, niacinamide (irú fítámì B kan), àti ike kékeré kan tí kò ní orúkọ lára, ìpara tí ẹnì kan bá wọn pò lọ́jà. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ làwọn ń tò lé ara wọn lálẹ́, àwọn sì ń dúró kí ọ̀kan gbẹ kí àwọn tó fi èkejì sí i. Ètò ò kù síbì kan. Ojú ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán yinrin, ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn ti sán, wọ́n ní omi lásán ń ta àwọn. Wọ́n wá bi mí pé, "Àbí kí n fi hyaluronic kún un?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́. Ẹ jẹ́ ká yọ." Ọṣẹ ojú tí kò le, ìpara tí kò ní òórùn dídùn àti sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn, nìkan ni mo ní kí wọ́n máa lò títí omi ò fi ní ta wọ́n mọ́. Ní ti ike tí kò lórúkọ yẹn, mo máa padà sí i.

Fún àwa aláwọ̀ dúdú, iye sírọ́ọ̀mù tó wọ ojú ṣe pàtàkì ju ètò tí a fi tò ó lọ. Tí nǹkan bá mú awọ wa bínú, kì í pọ́n kó sì lọ bẹ́ẹ̀. Melanin, àwọ̀ dúdú inú awọ, á tú jáde síbẹ̀, àpá dúdú á sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó ń fi ásíìdì mẹ́ta lé àpá irorẹ́ kiri lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ dá àpá tuntun sílẹ̀, kó máa rò pé ohun tí òun ń lò ni kò tíì tó. Á tún wá ra òmíràn. Mo mọ̀ pé ọjà mi ló ń tà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ojú rẹ̀ bó kò ní padà wá.

Nítorí náà, sírọ́ọ̀mù alágbára kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ó parí. Alágbára ni mo pe fítámì C, retinol àti gbogbo ásíìdì tó ń ṣí awọ òkú kúrò, bíi glycolic àti salicylic. Niacinamide àti hyaluronic acid, tó ń fa omi sí awọ, kò sí lára wọn. Àwọn yẹn lè bá ẹnikẹ́ni ṣẹgbẹ́.

Ètò tí gbogbo ayé ń jà lé lórí yìí kò le rárá. Ẹ fọ ojú, kí ẹ fi èyí tó ṣàn bí omi ṣáájú, kí èyí tó ki tẹ̀ lé e, ìpara lẹ́yìn ìyẹn, òróró lẹ́yìn gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ àárọ̀, sunscreen ló ń kẹ́yìn. Ẹ ò nílò kí ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín. Tí ojú ò bá ti tutù rinrin mọ́, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sì tó fún ojú àti ọrùn. Tí ẹ bá da púpọ̀ sí i, tàbí tí ẹ fi èyí tó kún fún silicone (èròjà tó ń mú ìpara yọ̀) sábẹ́ èyí tó jẹ́ omi, ẹ ó rí i bí ẹ bá ti ń fi ọwọ́ pa sunscreen: á máa ká jọ lábẹ́ ìka ní wínníwínní funfun, bí ìdọ̀tí ara ṣe ń ká jọ lábẹ́ kànrìnkàn. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé awọ òkú ló ń ṣí. Kì í ṣe awọ o. Owó yín ló ń bọ́ sílẹ̀ yẹn.

Fítámì C ni mo fẹ́ràn láàárọ̀, torí ó ń ran sunscreen lọ́wọ́ lórí ohun tí oòrùn ń bà jẹ́. Èyí tó lágbára jù nínú irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní L-ascorbic acid, máa ń le lójú díẹ̀. Sheldon Pinnell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 2001 pé pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bó ṣe kan tó, gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 3.5 kó tó lè wọ awọ dáadáa, àti pé tó bá ti ju ìdá 20 nínú 100 lọ, kò sí àfikún àǹfààní mọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá rí igo tí wọ́n kọ 30% sí, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú. Ní 2005, ikọ̀ kan náà fi ferulic acid, èròjà kan láti ara ewéko, ìdá 0.5 kún àdàpọ̀ fítámì C ìdá 15 àti fítámì E ìdá 1, ààbò tó ń ṣe lọ́wọ́ oòrùn sì di ìlọ́po méjì. Ẹ ò rí i, àdàpọ̀ tó gbéṣẹ́ jù ni èyí tí oníkẹ́mísírì ti wọ̀n sínú igo kan ṣoṣo, kì í ṣe èyí tí a ń dá pò lórí àtẹ́lẹwọ́.

Ooru ìlú wa kì í jẹ́ kí fítámì C pẹ́, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í sì í jẹ́ kí fíríìjì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Inú dúrọ́ọ̀ tó ṣókùnkùn ni kí ẹ fi í sí. Tó bá ti di pupa rúsúrúsú, ẹ dà á nù.

Àwọn kan ti gbọ́ pé fítámì C àti niacinamide kì í wọ ojú kan náà. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, láti inú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí èròjà lásán nínú ooru tó ga gan-an. Èmi ń lò wọ́n pọ̀, kò sí ìjà. Ohun tí mo máa ń wò ni ìwọ̀n niacinamide: ìdá 4 tàbí 5 ti tó fún àpá dúdú. Èyí tó jẹ́ ìdá 10 máa ń yún àwọn kan.

Alẹ́ ni ti retinol. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti máa ń da òfin "èyí tó ṣàn ló ń ṣáájú" rú: ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ, ìpara ni mo ń ní kó kọ́kọ́ fi sí i, lẹ́yìn náà retinol, lẹ́yìn náà ìpara lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ta á tó bẹ́ẹ̀. Glycolic tàbí salicylic ń dúró de alẹ́ tí kò sí retinol. Kò pọn dandan kó yá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Awọ máa ń gbà tó nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga, nítorí náà ẹ fún igo tuntun kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó mú òmíràn wọlé. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú, ẹ ó mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń retí oyún kò gbọ́dọ̀ lo retinol rárá. Azelaic acid, tó ń bá irorẹ́ àti àpá jà, ni kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Hyaluronic acid ò ní wàhálà, àfi lásìkò ọyẹ́. Ojú tó ṣì tutù ni ẹ fi sí, kí ẹ sì yára fi ìpara lé e, tàbí òrí díẹ̀ tí ojú yín kì í bá yọ irorẹ́. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìbò ó, omi tó fà jọ máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ojú á sì gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ike tí kò lórúkọ yẹn kù. Ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń pò lọ́jà láti fi bó ara ní clobetasol (oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù alágbára) tàbí hydroquinone (èròjà tó ń bó awọ) nínú, àwọn kan tiẹ̀ ní mercury, irin olóró kan tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè. Clobetasol máa ń mú awọ fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fi ásíìdì lé irú awọ bẹ́ẹ̀ lórí ń wá jíjóná ni. Ẹ má sì kàn jù ú nù lójijì tí ẹ bá ti lò ó pẹ́, torí ojú lè wú, kí nǹkan sì sú sí i pátápátá. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Àwa tó wà ní Ìbàdàn ní wọn ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì.

Sunscreen ni mo máa ń jà lé lórí jù, torí láìsí i, àpá tí sírọ́ọ̀mù ń pa rẹ́ lálẹ́ ni oòrùn ń kùn padà lọ́sàn-án. SPF (ìwọ̀n ààbò lọ́wọ́ oòrùn) 30 ó kéré tán, ìwọ̀n gígùn ìka méjì fún ojú àti ọrùn, ẹ má sì po sírọ́ọ̀mù mọ́ ọn, torí á ba ààbò rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ní ó ń mú ojú òun funfun, kó wá èyí tó ní àwọ̀ tó sì ní iron oxide nínú, èròjà aláwọ̀ tó ń dí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí náà ń mú àpá wa dúdú, èyí tí sunscreen lásán kì í dí. Tí owó ọwọ́ yín bá tó igo kan ṣoṣo lóṣù yìí, òun ni kí ẹ rà. Sírọ́ọ̀mù lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.