Gàrí ti gba ipò iṣu nílé àgbẹ̀ Ìgbómìnà

Iṣu kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Wọ́n á kọ ebè, wọ́n á gé èbù, wọ́n á fi ọ̀pá gbé e, wọ́n á tún ro ó léraléra. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà lábà, tí àáró àti ọ̀wẹ̀ ń lọ, kò wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àwọn ọmọ ti wà ní Ìlọrin àti Ọ̀fà báyìí, nílé ẹ̀kọ́ tàbí lórí ọ̀kadà. Alágbàṣe ló ń kọ igba ebè, owó rẹ̀ sì ń jẹ èrè kí iṣu tó dé ọjà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé láti Òmù-Àrán dé Àjàṣẹ́-Ìpo fi yí sí ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀gẹ́ ní sùúrù nínú ilẹ̀: ó pé oṣù 12, ó ṣì lè dúró de olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ti hú u, láàárín ọjọ́ 2 sí 3 inú rẹ̀ á ti ń dúdú. Ọlọ́kọ̀ tó wá rà á lójú oko mọ èyí, òun ló sì ń dá iye lé e. Èmi kò rí àdánù tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di gàrí. Kílò 4 sí 5 ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di kílò gàrí 1. Ká bó o, ká fọ̀ ọ́, ká rin ín, ká dì í sápò fún bí ọjọ́ 2 sí 3, ká fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, ká jọ̀ ọ́, ká wá yan án. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu lára ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: tí eyín rẹ̀ bá ti kú, ègé ẹ̀gẹ́ á kù lórí ajọ̀, gàrí á sì dín kù. Tí omi kò bá tán nínú rẹ̀ dáadáa, yóò dì lórí agbada. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó rírin pẹ̀lú ti gòkè, nítorí epo ni ẹ̀rọ ń mu.

Obìnrin ló ń yan gàrí, owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń san owó iléèwé. Èéfín ló ń ba ojú wọn jẹ́. Ẹ mọ ògiri sáàárín ẹnu ààrò àti ibi tí wọ́n ń jókòó sí, kí ẹ sì gbé ihò èéfín gba òrùlé jáde. Amọ̀ àti páànù díẹ̀ ti tó.