Ẹnu Tó Gbẹ Kọ́ Ni Òǹgbẹ Omi: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Dayálísíìsì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe dayálísíìsì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí pé kíndìnrín ò lè fọ̀ ọ́ mọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn kíndìnrín nílé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo bá wá. Tí a bá jókòó ti ẹ̀rọ ní Adó-Èkìtì, owó, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹsẹ̀ wíwú la sábà máa ń sọ. Bẹ́ẹ̀, ẹnu ló ń lé púpọ̀ nínú wa sídìí omi tí dókítà ní ká má mu.

Tí kíndìnrín bá ti kọṣẹ́, itọ́ ẹnu a máa dín kù. Omi tí wọ́n dín fún wa wà lára ohun tó ń fà á, àwọn oògùn kan náà sì ń gbẹ ẹnu. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín ì bá gbé jáde, tí wọ́n ń pè ní urea, á wá pọ̀ nínú ìwọ̀nba itọ́ tó kù. Kòkòrò inú ẹnu ló ń sọ ọ́ di amóníà. Ibẹ̀ ni òórùn tó jọ ti ìtọ̀ ti ń wá. Ẹnu á tún máa ta bí irin, tí iyán gan-an ò ní wọ ọ̀nà ọ̀fun mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe aláìsàn ní ọ̀bùn. Ó ti fọ ẹnu.

Lóru ọyẹ́, ahọ́n mi máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Bí mo bá mu ife omi kan, kò ní pẹ́ tí ẹnu á tún gbẹ, omi yẹn á sì dúró sára títí di ọjọ́ ẹ̀rọ. Nítorí náà, mo máa ń fi omi ṣan ẹnu, màá tu ú dànù. Mo tún ń fi ègé yìnyín kékeré sẹ́nu, mo sì ń kà á mọ́ omi òòjọ́ mi. Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà náà ń mú itọ́ sun. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà! Ọbẹ̀ oníyọ̀ àti magí tí ẹ jẹ lọ́sàn-án, òru lẹ ó jìyà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ọsàn wá láti Ìkéré, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fà á mu, á tù ọ́ lẹ́nu." Ìfẹ́ ni. Àmọ́ èròjà tí wọ́n ń pè ní potassium nínú ọsàn lè da ìlù ọkàn irú wa rú, ó sì lè pani. Mo dúpẹ́ púpọ̀, mo sì ní kí wọ́n bá mi fún àwọn ọmọ.

Ìdọ̀tí líle tètè máa ń gan mọ́ eyín wa, erìgì á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, ẹ sọ fún dókítà eyín pé ẹ ń ṣe dayálísíìsì, àti ọjọ́ tí ẹ ń ṣe é. Heparin tí wọ́n ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń yọ eyín ní ọjọ́ kejì dayálísíìsì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní apá tí fistula wà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Tí eyín bá ń ro yín, ẹ má ra ibuprofen lọ́wọ́ oníkẹ́mísì láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà kíndìnrín yín.

Ẹni tó ń retí kíndìnrín tuntun, kó tètè lọ yẹ eyín wò. Oògùn tí wọn ó fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ máa ń dín agbára ara láti bá kòkòrò jà kù, eyín tó ti jẹrà ò sì gbọdọ̀ bá a débẹ̀.