Ta ló máa sanwó tí mọ́tò ò bá gba orí títì?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, èmi náà ti fìgbà kan wà lára àwọn tó máa ń pàtẹ́wọ́ tí ìjọba bá ti ní àwọn àti aládàáni fẹ́ jọ kọ́ títì tàbí ọsibítù. PPP ni wọ́n ń pè é. Lójú tèmi nígbà yẹn, ìjọba ò lówó, kámpàní lówó, kí wọ́n ṣáà jọ ṣe é ká ríbi gbà, kí ló wá burú níbẹ̀? Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí àwọn àdéhùn yìí ṣe ń rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, lojú mi là.

Kámpàní á lọ yáwó ní báǹkì, á kọ́ nǹkan ọ̀hún, á máa tọ́jú ẹ̀ fún bí ọdún 25 tàbí 30, owó ẹ̀ á sì máa padà wá yálà látọwọ́ àwọn tó ń lò ó, ìyẹn tóòlù, tàbí kí ìjọba máa san án lọ́dọọdún bí ẹni ń san owó ilé. Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn gan-an, torí lọ́pọ̀ ìgbà kì í hàn nínú ìwé gbèsè ìjọba. Ẹni tó ṣíṣọ lójú ẹ̀ á ti lọ sílé ẹ̀, ẹni tó máa san án ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1992, PFI ni wọ́n sọ ọ́, ọsibítù o, ilé ìwé o, ọgbà ẹ̀wọ̀n o, kò sóhun tí wọn ò fi kọ́. Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wọn wò fi máa ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2018, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti lé ní 700, ohun tí wọ́n kọ́ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn, èyí tó kù tí wọ́n ṣì máa san sì ń lọ sí bílíọ̀nù 200. Mi ò ní parọ́, owó ìtọ́jú wà nínú ẹ̀, kì í ṣe èlé nìkan. Àmọ́ ẹ wo Parklands, ilé ìwé kan ní Speke ní Liverpool. Ọdún 2002 ni wọ́n ṣí i, àwọn ọmọ ń dín kù, wọ́n tì í pa lọ́dún 2014. Kò sí ọmọ, kò sí tíṣà, káńsù sì tún ń san mílíọ̀nù mílíọ̀nù lọ́dọọdún lórí ilé òfìfo, torí àdéhùn ò tíì parí! Oṣù kìíní ọdún 2018 yẹn kan náà ni Carillion, kámpàní ìkọ́lé ńlá kan tó ń ṣe iṣẹ́ PFI, wó lulẹ̀ tòun ti ọsibítù ńlá méjì tí wọn ò tíì kọ́ tán, ìjọba ló padà lọ parí ẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, mínísítà owó wọn ní àwọn ò ṣe PFI tuntun mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Chicago, ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Ìparí ọdún 2008, bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn ò pé, wọ́n bá kó mítà ibi ìgbọ́kọ̀sí, bíi 36,000, fún àwọn aládàáni fún ọdún 75, wọ́n gba bílíọ̀nù kan dọ́là àti díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fi oko dógò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan làwọn aṣòfin ìlú fọwọ́ sí i. Owó ìgbọ́kọ̀sí fò sókè, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n ti ná púpọ̀ nínú owó yẹn tán, ọ̀gá tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà sì sọ pé àwọn ì bá rí tó bílíọ̀nù kan sí i. Ìyẹn gan-an kọ́. Tí ìlú bá ti títì pa fún ayẹyẹ tàbí pé wọ́n fẹ́ tún un ṣe, wọ́n máa san owó àwọn ààyè yẹn fún kámpàní. Lórí títì tiwọn o!

Sípéènì náà rí tiwọn, àwọn títì tóòlù ẹ̀gbẹ́ Madrid. Wọ́n ti ṣírò iye mọ́tò tó máa gbà á (ṣé ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í ṣírò pé èèyàn ò ní wá), mọ́tò ò wá tó bẹ́ẹ̀, àwọn kámpàní wọko gbèsè, ìjọba gba títì padà.

Kì í ṣe pé kò dáa níbi gbogbo. Lọ́dún 2006, Indiana, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gba bílíọ̀nù 3.8 dọ́là lọ́wọ́ aládàáni lórí títì tóòlù wọn, ọdún 75 nìyẹn náà. Mọ́tò ò tó bí wọ́n ṣe rò, kámpàní wọko gbèsè lọ́dún 2014, ṣùgbọ́n ìjọba ò dá kọ́bọ̀ padà, títì ò sì tì, àwọn míì ló ra iṣẹ́ náà. Àwọn tó fowó wọn dá ewu náà ló jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ń kéde PPP tuntun báyìí, mi kì í wo fọ́tò afárá tí wọ́n yà sára ìwé, ibi tí wọ́n kọ onídùúró sí ni mò ń wá, àti ohun tí ìjọba máa san tí àdéhùn bá já, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ojú ewé yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fi yíǹkì dúdú pa rẹ́.