Ibi tí tọ́ọ̀ṣì tàn dé, ìbọn ò dé bẹ̀

Ìṣísẹ̀ 30 ni ààlà mi lójú ọ̀sán. Lóru, ó di 20. Ẹran tó bá ti kọjá ibẹ̀, ì báà ṣe akọ ìgalà tó sanra, mi ò ní yìnbọn sí i. Àwọn tá a jọ ń dẹ ìgbẹ́ lápá odò Ògbèṣè ti mọ̀ mí mọ́ ọn, àwọn kan nínú wọn sì máa ń sọ pé ojo ló ń ṣe mí. Mo fẹ́ ṣàlàyé ara mi lónìí, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, àti pé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìbọn ní Ìṣẹ̀ àti Ẹmùrẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni sọ ọ́ fún wọn. (Igbó ìjọba tó wà ní Ìṣẹ̀ kọ́ là ń lọ o. Ibẹ̀ làwọn ìnàkí wà, kò sì yẹ kí ìbọn ẹnikẹ́ni dún níbẹ̀.)

Lójú tèmi, tọ́ọ̀ṣì ló dá àṣà kí wọ́n máa yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń mú mi wọ igbó, fìtílà kábáàdì ni wọ́n ń dè mọ́rí: omi á máa kán sórí òkúta kábáàdì, gáàsì á jáde, iná á mú. Iná yẹn kì í lọ jìnnà. Kí ojú ẹran tó dán nínú rẹ̀, ẹ̀yin àti ẹran ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀ nígbà náà, torí fìtílà fúnra rẹ̀ ti pààlà fún ọdẹ. Lónìí, tọ́ọ̀ṣì orí tí wọ́n ń tà lọ́jà Adó ń tàn kọjá ìṣísẹ̀ 100. Ojú ẹran á dán wàì lọ́hùn-ún, ọmọ á sì na ìbọn sí i. Bẹ́ẹ̀ ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ lò náà ni.

Ojú tó ń dán kì í sọ bó ṣe jìnnà tó. Ojú ẹtu tó wà nítòsí àti ojú ìgalà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè jọra lójú ẹni tó ti ń rìn láti aago mẹ́jọ alẹ́. Kì í sọ bóyá ẹran kọjú sí wa tàbí ó fẹ̀gbẹ́ hàn, kì í sọ bóyá ó lóyún. Èyí tó sì máa ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ojú èèyàn kì í dán nínú tọ́ọ̀ṣì bíi ti ẹran. Ẹni tó sùn sí abà rẹ̀ lẹ́yìn igbó kan, tàbí adẹ́mu tó tètè jí jáde, ẹ ò ní rí i rárá.

Bíríkìlà ni mí, tépù kì í wọ́n lápò mi. Mo fi wọn ìṣísẹ̀ ara mi: sẹ̀ntímítà 75. Ìṣísẹ̀ 30 jẹ́ mítà 22 àti ààbọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí abà àtijọ́ kan tí ògiri amọ̀ rẹ̀ ṣì dúró, mo kan páálí mọ́ ọn. Mo dojú kóńgò gààrì dé orí páálí, mo fi ẹfun fa ìlà yí ẹnu rẹ̀ ká. Ìwọ̀n ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ẹtu wà kò ju ìyẹn náà lọ. Ti ìgalà, abọ́ ìjẹun pẹrẹsẹ ni mo lò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, mo ń sún sẹ́yìn, mo ń pààrọ̀ páálí, mo ń ka ihò, torí katiríìjì kan ṣoṣo ló ń tu ọta púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nítòsí, ihò kó ara wọn jọ débi tí páálí ya. Bí mo ṣe ń jìnnà ni wọ́n ń tú ká, títí mo fi rí páálí tó lu jákèjádò, tí àárín ìlà ẹfun náà sì mọ́ tónítóní. Ibi tí ọta ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àárín sílẹ̀ ni mo ti padà síwájú díẹ̀, tí mo fi ààlà mi sí. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè bá yín mọ ààlà tiyín láìṣe èyí, torí ìbọn méjì kì í ta bákan náà.

Àwọn tó ń ṣe ìbọn lókè òkun náà ń lo páálí. Wọ́n á yìnbọn láti yáàdì 40, ìyẹn mítà 36 àti díẹ̀, wọ́n á sì ka iye ọta tó wọ inú òbìrìkìtì tó fẹ̀ ní ínṣì 30. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu máa ń kó bí ìdá 40 nínú 100 ọta rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ dáadáa, bí ìdá 70. Ẹ wá wò ó: katiríìjì nọ́ńbà 12 tí ọ̀pọ̀ ń rà fún ẹran ńlá, ọta 9 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré nínú wọn bá wọ ibi tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn fèrèsé, kí ni yóò gbé wọn dé ibi tí kò ju ẹnu kóńgò lọ? Ní Jámánì, òfin ọdẹ wọn ò gbà rárá kí wọ́n yin irú ọta túká-túká báyìí sí ẹran oní-pátákò. Ọta kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Ní tiwa, èyí tó ń túká ló wà lọ́wọ́ wa, nítorí náà ká sún mọ́ ẹran ló kù.

Mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a ò bá sún mọ́ ọn. Ọmọkùnrin kan tó tẹ̀ lé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìnbọn sí ojú kan lọ́ọ̀ọ́kán.

“Ẹ̀gbọ́n, mo bà á o!”

“Ibo lo ti bà á?”

“Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo bà á.”

A mú iná lọ síbẹ̀. Lórí ewé kòkó gbígbẹ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló wà, ó dúdú, ó sì lọ́ mọ́ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń rùn. Ikùn ni ọta bà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró máa ń pọ́n, ó máa ń hó bí ọṣẹ, ẹran bẹ́ẹ̀ kì í sì í lọ jìnnà. Èyí tí ọta bá ba ikùn rẹ̀ á sá wọ inú ìgbẹ́ tó díjú, á dùbúlẹ̀, á máa jẹ̀rora fún wákàtí pípẹ́. Bí ẹ bá lé e lójú ẹsẹ̀, á tún dìde, á sì lọ síwájú sí i. A dúró di àárọ̀, a mú ajá wá. Èṣúró ni. Eṣinṣin ti bò ó, abo sì ni.

Mi ò na ọmọ náà, mi ò bú u. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ibi tí ọta wọlé, kó sì ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn padà síbi tó dúró sí lóru. Ó kà á kọjá 60.

Sísún mọ́ ẹran ni iṣẹ́ ọdẹ gan-an. Kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ bá wa lójú, kí ẹsẹ̀ má fọ́ ewé gbígbẹ, ká mọ ìgbà tó yẹ ká dúró. Ẹ̀gùn, ìyẹn ibi ìjókòó tí ọdẹ ń dè sórí igi láti dúró de ẹran, ló rọrùn jù fún èmi. Ẹ wá igi ìyeyè tí èso rẹ̀ ń jábọ́, kí ẹ de ẹ̀gùn yín sí ìtòsí rẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ẹ sì ka ìṣísẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́. Mo máa ń so màrìwò mọ́ igi kékeré níbi tí ààlà mi parí sí. Aṣọ Ògún ni, gbogbo ọdẹ Èkìtì ló mọ̀ ọ́n, ó sì funfun díẹ̀ lójú òkùnkùn. Ẹran tó bá wà lẹ́yìn màrìwò, ẹ jẹ́ kó jẹun.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ìbọn oníkatiríìjì ni mo fi ń sọ ọ́. Ẹni tó ń lo ṣakabùlà, ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń ki ètù àti ọta sí lẹ́nu, kó má kọjá ìṣísẹ̀ 15. Ojú la fi ń wọn ètù rẹ̀, àwọn kan sì ń ki àfọ́kù irin sí i dípò ọta, irin tí kò rí roboto kì í sì í fò tààrà. Láàárín ìgbà tí òòlù bá lu kápù tó ń fún ètù níná sí ìgbà tí ètù mú, ẹran lè ti yí ara padà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kó tún dín 15 yẹn kù, torí ètù tó bá ti fa omi mọ́ra kì í ti ọta bó ṣe yẹ, ì báà dún kíkan-kíkan.