Fọ́ọ̀mù Ìlú Ọba àti Ojúlùmọ̀ Ilé

Tí ará ilé bá gbọ́ pé èèyàn ń bójú tó ẹgbẹ́ ọmọdé ní Ìlú Ọba, ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀ lé e: èló ni wọ́n ń san, kí ló sì dé tí wọ́n fi ń wo ìwé ọlọ́pàá ẹni tó fẹ́ ṣoore? Ti àkọ́kọ́ rọrùn: kò sí owó oṣù níbẹ̀ rárá. Èkejì ló ń dùn mí, torí wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n fi wá wọ́lẹ̀.

Nílé, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Boys' Brigade ti wà ní Nàìjíríà láti 1908, Scout láti 1915. Ọ̀gá ẹgbẹ́ mọ ìyá rẹ, ó mọ ilé yín, ó parí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, o ti dúró níwájú ogójì ọmọ.

Ní England àti Wales, ìwé ló dípò ojúlùmọ̀. Nínú ẹgbẹ́ Scout, ọmọ ọdún 4 sí 6 wà ní Squirrels, 6 sí 8 ní Beavers, 8 sí 10 àbọ̀ ní Cubs. Orúkọ ọmọ lè pẹ́ lórí ìlà kí àyè tó yọ, àgbàlagbà tó máa dúró tì wọ́n ló sì sábà máa ń wọ́n. Òbí tó bá ní òun á máa wá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á tètè dá a lóhùn.

Àyẹ̀wò DBS ló kàn, ìyẹn wíwo ìwé ọlọ́pàá tí mo sọ lókè. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò gbowó iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè gbogbo orúkọ tó o ti jẹ́ rí, àti gbogbo ibi tó o gbé láàárín ọdún 5, láìfo oṣù kan, títí kan ilé tó o gbé ní Nàìjíríà. Ibí ni àwọn èèyàn wa ti máa ń há. Páàsìpọ́ọ̀tù gbé orúkọ bàbá, báńkì gbé orúkọ ọkọ, ìwé awakọ̀ sì gé Olúwaṣeun kù sí Ṣeun. Kọ ọ́ bó ṣe wà nínú páàsìpọ́ọ̀tù, lẹ́tà dé lẹ́tà, kó o wá to àwọn tó kù sí àyè orúkọ àtẹ̀yìnwá. Ìwé báńkì tó o fi ṣe ẹ̀rí àdírẹ́sì ò gbọdọ̀ pẹ́ ju oṣù 3 lọ. Ilé rẹ ni wọ́n máa fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí, nítorí náà tó o bá fẹ́ kó kúrò, kọ́kọ́ kó ná. Bí àdírẹ́sì bá sì pọ̀, ó lè pẹ́, torí ọlọ́pàá àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló máa wo ìwé tiwọn.

Tó o bá wọlé tán, òfin tún wà nínú gbọ̀ngàn. Àgbàlagbà ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi tójú ẹlòmíì ò tó. Tí Beavers bá jáde lọ ṣeré níbòmíì, àgbàlagbà kan fún ọmọ 6, yàtọ̀ sí ẹni tó ń darí. Tí ọmọ bá sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, má ṣèlérí pé o ò ní sọ fẹ́nì kan, má sì fi ìbéèrè há a mọ́lẹ̀; kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kó o fi tó ẹni tó yẹ létí lọ́jọ́ yẹn.

Iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ fúnra rẹ̀ dùn. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ìpàdé Beavers, ọmọ ọdún 6 kì í sì í dúró tì nǹkan kan ju ìṣẹ́jú 15 lọ, nítorí náà múra eré kan sílẹ̀ lé iye tó o rò pé wàá lò. Tó o bá fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn tí wọ́n ń pè ní reef knot, okùn aláwọ̀ méjì tó nípọn bí ìka ni kó o lò, mítà kan kan. Ọ̀tún lórí òsì, lẹ́yìn náà òsì lórí ọ̀tún. Tó bá tọ̀nà, orí okùn kọ̀ọ̀kan á sùn ti ara rẹ̀. Tí orí méjèèjì bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa tú. Àwọ̀ méjì yẹn ló ń jẹ́ kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí àṣìṣe.

Àárò ìlù àti ariwo ilé ń sọ mí, mi ò ní parọ́. Ibí, òbí á kí ọ lẹ́nu ọ̀nà, á sì lọ. Síbẹ̀, ibí ni mo ti lè fọkàn balẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀. Ẹni tó mọ ìyá rẹ ò rí inú rẹ, àjèjì tó mọ̀ ọ́n kí sì ń tètè rọ́nà débi ọmọ wa nílé. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ilé lè mú òfin pé kí àgbàlagbà má dá wà pẹ̀lú ọmọ yẹn lò lọ́sẹ̀ yìí. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.