Eṣinṣin ìpẹja tí ò gbọdọ̀ rì: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, eṣinṣin tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tó ń bà lé ọbẹ̀ o. Òwú, ìyẹ́ àti irun ẹran la máa ń wé mọ́ ìwọ̀ kékeré títí á fi jọ kòkòrò tó bà sójú omi, lẹ́yìn náà ká fi ọ̀pá jù ú sódò kí ẹja trout lè rò pé oúnjẹ ti dé. Dry fly lorúkọ ẹ̀, òkè omi ló sì gbọ́dọ̀ wà, torí òkè yẹn lẹja ń wò. Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, odò Derwent àti Wye ní Derbyshire ni mo máa ń lọ, apá Haddon lórí Wye yẹn sì rèé, dry fly nìkan ni wọ́n gbà níbẹ̀, owó ẹ̀ sì ń jẹ èèyàn lápò, kò wá ní dáa kéèyàn sanwó tán kó máa fi gbogbo ọ̀sán nu eṣinṣin tó ti mumi yó. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà òtútù.

Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Àkọ́kọ́ ni Adams, Len Halladay ló kọ́kọ́ wé e ní Michigan, Amẹ́ríkà, ní 1922, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ló sì gbé e dúró, ìyẹ́ yẹn le, ó wá jáde yí ká ìwọ̀, ṣóńṣó orí ẹ̀ ló ń tẹ ojú omi láì gún un wọlé. Ìkejì ni Elk Hair Caddis, ti Al Troth, ará Pennsylvania, 1957, irun elk, ẹran ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín, ló wà lẹ́yìn ẹ̀, irun náà sì ní ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú, tórí ẹ̀ ló ṣe máa ń gbé ara ẹ̀ sókè kódà téèyàn ò bá fi nǹkan kan kùn ún. Ìkẹta ni CDC, ìyẹ́ kéékèèké tó yí ibi tí òróró ti ń sun ní ìdí pẹ́pẹ́yẹ ká. Ẹni tó bá ti sin pẹ́pẹ́yẹ rí á mọ ibẹ̀, ṣé ẹ rí i bó ṣe máa ń yí ọrùn sẹ́yìn, táá fi ẹnu họ ìdí, táá wá máa fi ẹnu yẹn pa gbogbo ara, òróró yẹn ló ń pa.

Nǹkan tó yé mi jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Kì í ṣe òróró nìkan ló ń mú nǹkan léfòó, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ rántí ewé kókò tá a máa ń da omi sí ní kékeré, tómi á ká jọ roboto, á máa yí kiri, ewé ò ní tutù. Ìda tín-ín-rín ló wà lójú ewé yẹn lóòótọ́, àmọ́ ojú ẹ̀ tún rí ṣágiṣàgi, àwọn kókó kéékèèké tójú ò lè rí ló há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín, orí afẹ́fẹ́ yẹn gan-an lomi jókòó lé. Bó ṣe rí lára eṣinṣin náà nìyẹn. Àlàfo tó wà láàárín irun kan sí ìkejì ni dúkìá wa, ẹni tó bá fi jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kùn sí eṣinṣin kó má baà rì dí gbogbo àlàfo yẹn ti fi owó ara ẹ̀ ra rírì. Mo máa ń rí àwọn kan létí odò tí wọ́n á fún jẹ́ẹ̀lì sórí Adams bí ẹni fún ọṣẹ ìfọyín, inú á sì máa bí mi.

Ó dáa, iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Kí eṣinṣin tó kúrò nílé ni mo fẹ́ kí omi ti máa sá fún un, kì í ṣe ká dé etí odò ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nǹkan kùn. Mo lo ìda funfun tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, mo fi ọ̀bẹ fá a wẹ́wẹ́ sínú ìgò jáàmù kékeré, mo wá da epo láítà lé e, mo dé e pa. Kò fẹ́ tètè yòrò, torí náà mo gbé ìgò yẹn sínú abọ́ omi gbígbóná, ẹ jọ̀ọ́ omi gbígbóná ni mo wí o, kì í ṣe orí gáàsì, epo yẹn ń fa iná bí nǹkan míì, èéfín ẹ̀ pàápàá ń fà á. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ṣe é ní kíṣìnnì, ó ní kí n kó ẹrù mi lọ sí gáréèjì, bẹ́ẹ̀ ó sì tọ̀nà. Mo fi ẹ̀mú mú eṣinṣin kọ̀ọ̀kan, mo rì í bọ inú ẹ̀, mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo wá gún un mọ́ fóòmù kó máa gbẹ di ọjọ́ kejì. Epo láítà á fò lọ, ìda nìkan á ṣẹ́ kù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí, téèyàn ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí funfun funfun lára ìyẹ́, ìda ti pọ̀ jù, ẹ fi epo sí i. Tí ìgò bá sì dì lọ́wọ́ òwúrọ̀, òtútù ló fà á, omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun, ní nǹkan bíi 1900 kẹrosínì làwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi kùn ún, wàhálà ẹ̀ ni pé ó máa ń tan òróró sójú omi yí eṣinṣin ká, èmi ò sì rò pé ẹja fọ́jú.

Mo fi abọ́ omi ẹ̀rọ dán wọn wò. Ẹ fọ abọ́ yẹn dáadáa kẹ́ ẹ sì ṣàn án gan-an, torí tí ọṣẹ ìfọ̀wo bá kù síbẹ̀ bíńtín, awọ ojú omi á já, gbogbo eṣinṣin ló máa rì, ẹ ó sì máa bá ìda jà lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Adams tí mo rì bọ ìda, mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọnú omi, ó ń fò padà sókè. Èyí tí mi ò fi nǹkan kan kùn, ó dúró díẹ̀, ara ẹ̀ tó jẹ́ irun bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, ó wá fi ìdí lélẹ̀. Ti elk yẹn, ìyàtọ̀ ò pọ̀, àfi pé ara ẹ̀ nísàlẹ̀ gbẹ pẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n fi òrí gbìyànjú ẹ̀, wọ́n ní ṣebí òrí náà kórìíra omi. Ẹ̀gbọ́n, mo dán an wò o. Ó yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ bó ṣe kan omi tútù ló dì, ó so ìyẹ́ pọ̀ mọ́ra ní ìdì ìdì, Adams wá rí bí ẹyẹ tójò pa. Odò Derbyshire kì í gbóná, òrí ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyókù ẹ̀ ti wà lára mi.

CDC ni kí wọ́n má ṣe fi jẹ́ẹ̀lì kàn rárá, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní rì í bọ ìda. Òróró pẹ́pẹ́yẹ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn okùn wínníwínní tó yọ lára ìyẹ́ ló ń há afẹ́fẹ́ jù, tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra, ó parí. Páúdà ni tiẹ̀, silica tí wọ́n ti ṣe kí ó má gba omi. Èèyàn á ju eṣinṣin sínú ìgò páúdà, á gbọ̀n ọ́n, á yọ ọ́, á fẹ́ èyí tó pọ̀ jù dànù, àmọ́ ẹ má fà á símú.

Nígbà tí ẹja bá gbé e tán, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ara ẹja ń yọ̀, ọ̀yọ̀ yẹn sì ń lẹ̀ mọ́ ìyẹ́, páúdà téèyàn bá dà lé e kàn máa di ẹrẹ̀ ni. Kí n tó ṣe nǹkan kan, màá kọ́kọ́ ṣàn án nínú odò, màá wá fi amadou fún omi ara ẹ̀ jáde, olú kan tó ń hù lára igi birch ni, ó máa ń fa omi mu gan-an. Tí kò bá sí, tíṣù náà á ṣe é. Lẹ́yìn ẹ̀ ni páúdà, lẹ́yìn páúdà kí n jù ú sáfẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn kó tó kan omi.

Àwọn kan ń fín in ní nǹkan tí wọ́n ń fín sára àga kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ ní 2000 ni iléeṣẹ́ 3M fúnra wọn kéde pé àwọn ń jáwọ́ nínú kẹ́míkà tó wà nínú Scotchgard, nǹkan ìfín tiwọn, ti ayé ìgbà yẹn, torí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà, inú omi àti ara ẹran ló ń dúró sí. Odò tí mo ti ń wá ìgbádùn, mi ò ní da irú ẹ̀ sí i, ìda àbẹ́là tó mi.

Èyí tó kù báyìí ni eṣinṣin ńlá ti ìparí oṣù karùn-ún, tí mayfly, kòkòrò odò kan tó tóbi, bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìwọ̀ ẹ̀ nípọn, ara ẹ̀ wúwo, ìda nìkan ò ní gbé e. Irun àgbọ̀nrín ni mo fẹ́ fi ṣe ara ẹ̀, kí n fi òwú pupa di orí àwọn tí mo bá rì bọ ìda, òwú dúdú fún àwọn tí mi ò bá rì, kí n lè mọ èyí tó ń tàn mí jẹ nígbà tí mo bá dé Wye.